Aró, Afẹ́fẹ́ àti Sẹ́ẹ̀lì Ìyá

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde sọ ní gbọ̀ngán kan ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, nìyí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, àfi ibi tí mo ti gé àtúnsọ kúrò. Díẹ̀ nínú ìbéèrè tí wọ́n bi mí wà ní ìsàlẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ Òròkí, ẹ kú ìjókòó. Mo tún kí yín kú àìsùn. Ọyẹ́ ti wọlé, eegun àwọn ọmọ sì ti ń ké, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni kò fojú kan oorun lánàá. Èmi náà mọ irú òru bẹ́ẹ̀. SS ni àbúrò mi obìnrin. Láti kékeré ni èmi àti ìyá wa ti máa ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ra á lẹ́sẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Iṣẹ́ láàbù ẹ̀jẹ̀ tí mo ń ṣe lónìí, tìtorí rẹ̀ ni mo ṣe kọ́ ọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ kò dé orí eegun itan rẹ̀ dáadáa mọ́, pé eegun náà ń kú díẹ̀díẹ̀. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ẹnì kan tó ń polówó oògùn kiri wá bá a nílé. Ó gbé páálí kan kalẹ̀. Àpò ìyẹ̀fun kéékèèké ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ "stem cell" sí i lára gàdàgbà, wọ́n sì kọ "antioxidant" sí abẹ́ rẹ̀. Oníṣòwò náà ní bí àbúrò mi bá ń pò ó mu fún oṣù mẹ́fà, eegun yóò hù padà, àti pé kí ó pa oògùn ilé ìwòsàn tì, nítorí oògùn òyìnbó ló ń pa sẹ́ẹ̀lì ara. Ìyá wa gba owó àjọ rẹ̀, ó san án. Àbúrò mi fi hydroxyurea, oògùn ilé ìwòsàn rẹ̀, sílẹ̀ fún oṣù mẹ́rin gbáko, kò sì sọ fún mi. Ní oṣù karùn-ún, a gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn lóru, àyà ń dùn ún, kò lè mí délẹ̀. Ó yè é, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Nígbà tí ara rẹ̀ mókun, ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé irọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀?" Mi ò lè dá a lóhùn kíákíá. Ọ̀rọ̀ méjèèjì tó wà lára páálí náà, inú láàbù tó ṣe é gbára lé ni wọ́n ti jáde. Àwọn ènìyàn gidi ló ṣiṣẹ́ lórí wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn mìíràn gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀. Ẹni tó jí ọ̀rọ̀ gidi láti fi ta ìyẹ̀fun, ó ṣẹ aláìsàn, ó sì tún ṣẹ ìmọ̀ náà. Ìdí tí mo fi wá sí iwájú yín nìyí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà gbé wà, kí ẹnikẹ́ni má lè fi ta yín mọ́.

Stem cell, èmi yóò máa pè é ní sẹ́ẹ̀lì ìyá láàárọ̀ yìí. Ẹ fọwọ́ kan eegun àyà yín. Inú eegun yẹn, àti inú eegun ìbàdí, ni mùdùnmúdùn wà, ibẹ̀ ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kí ó tó kú. Ti ọmọ SS kì í sábà ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ. Nítorí náà, mùdùnmúdùn kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró: láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ó ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa tuntun tó tó mílíọ̀nù 2. Sẹ́ẹ̀lì ìyá ló ń bí gbogbo wọn. Ó lè bí ọmọ tó jọ ọ́ gẹ́lẹ́, tí yóò jókòó sí àyè rẹ̀. Ó sì lè bí ọmọ tí yóò lọ kọ́ṣẹ́, tí yóò di ẹ̀jẹ̀ pupa, tàbí ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá àrùn jà, tàbí èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́. James Till àti Ernest McCulloch ní Toronto, ní Kánádà, ló fi eku fi irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ hàn wá ní 1961. Dókítà E. Donnall Thomas ní Amẹ́ríkà lo ìmọ̀ gbígbé mùdùnmúdùn láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn láti fi wo jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì gba Nobel lórí rẹ̀ ní 1990.

Ohun kan wà nípa sẹ́ẹ̀lì ìyá tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ń sùn. Oorun yẹn ló ń pa wọ́n mọ́. Èyí tó bá ń jí ṣiṣẹ́ láìsinmi yóò tètè gbó, yóò sì kú láìfi àrólé sílẹ̀. Kí ló wá ń mú wọn sùn?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìdí aró. Ìlú aró ni Òṣogbo. Ìyá tó bí ìyá mi pa aṣọ láró ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun títí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fi dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Wọn a gún ewé ẹ̀lú, wọn a ṣù ú, wọn a sá a sóòrùn, kí wọ́n tó kó o sínú ìkòkò pẹ̀lú omi eérú. Wọn a bò ó, wọn a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó kan dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ìdí aró, ẹ mọ òórùn rẹ̀. Ẹ sì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí: bí ìyá alaró bá fa aṣọ jáde nínú ìkòkò, aṣọ náà kì í dúdú lójú ẹsẹ̀. Àwọ̀ ewé tó ń rọ ni ó máa ń ní, ó pọ́n díẹ̀, ó tutù díẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló máa fẹ́ sí i, kí ẹ tó ka ọgọ́rùn-ún ó ti ń yí padà lójú yín, ó ń di aró. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé oògùn ni Màmá fi ń ṣe é.

Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ni. Nínú ìkòkò tí a bò, àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń mú aró kan, ti jẹ ọ́síjìn ibẹ̀ tán. Láìsí ọ́síjìn, aró máa ń yọ́ sínú omi, kò ní àwọ̀ dúdú, ó sì lè wọ inú òwú aṣọ. Ìgbà tí aṣọ bá bọ́ síta ni ọ́síjìn bá aró jà, tí aró yí padà, tí ó sì dì mọ́ òwú. Ìjà kan náà ló ń mú irin dípẹtà, òun ló ń mú iṣu tí a bó tí a kò rì sómi dúdú. Ohunkóhun tó bá lè dí irú ìjà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní antioxidant.

Inú eegun wa dà bí ìkòkò aró tí a bò. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú nínú gbọ̀ngán yìí, nǹkan bí 21 nínú 100 rẹ̀ ni ọ́síjìn. Ní 2014, àwọn onímọ̀ kan wọn ọ́síjìn inú mùdùnmúdùn eku láàyè, wọ́n rí i pé àwọn ibìkan wà níbẹ̀ tí ọ́síjìn kò fi bẹ́ẹ̀ ju 1 nínú 100 lọ. Inú irú ibi bẹ́ẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti tó nǹkan, ni sẹ́ẹ̀lì ìyá ń gbé. Bí ọ́síjìn bá kéré, sísè inú sẹ́ẹ̀lì yóò kéré, èéfín rẹ̀ náà yóò sì kéré.

Ọ̀rọ̀ èéfín yìí ṣe pàtàkì. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ní ààrò tirẹ̀, níbi tó ti ń fi ọ́síjìn sun oúnjẹ di agbára. Kò sí ààrò tí a dáná sí tí èéfín kò ní rú níbẹ̀. Èéfín ti sẹ́ẹ̀lì ni àwọn èròjà oníjàgídíjàgan tí ọ́síjìn ń bí. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ superoxide. Ọ̀kan ni hydrogen peroxide, omi kan náà tí wọ́n ń tà fún yín ní kẹ́míìsì láti fi fọ ojú egbò, tó máa ń hó. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, wọn a máa jẹ ara sẹ́ẹ̀lì, wọn a máa ba ìwé àṣẹ inú rẹ̀ jẹ́, ìyẹn DNA. Ọlọ́run kò fi sẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ní 1969, Joe McCord àti Irwin Fridovich ní Amẹ́ríkà ṣàwárí ohun tí ara fi ń pa superoxide. Ara tún ní catalase, ó ní glutathione. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó ta antioxidant fún yín, ẹ rántí pé ara yín ti ń ṣe tirẹ̀ láti inú oyún.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí èéfín bá borí? Iṣẹ́ kan tó dá mi lójú gan-an lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti Japan. Keisuke Ito, Toshio Suda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wo eku tí kò ní apilẹ̀ kan (ìyẹn gene, ẹyọ àṣẹ kan nínú DNA) tí wọ́n ń pè ní ATM. Ìwé wọn jáde ní 2004. Lára àwọn eku yìí, èéfín pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ìyá. Nígbà tí eku bá ti ju ọ̀sẹ̀ 24 lọ, mùdùnmúdùn rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́ sílẹ̀, kò ní lè ṣe ẹ̀jẹ̀ tí yóò tó ara mọ́. Wọ́n wá fún àwọn eku náà ní antioxidant kan, N-acetylcysteine, tí a ń pè ní NAC. Oògùn yẹn kì í ṣe àjèjì nílé ìwòsàn, òun ni wọ́n fi ń gba ẹ̀mí ẹni tó gbé parasitamọ́ọ̀lù mì ju bó ṣe yẹ lọ. Sẹ́ẹ̀lì ìyá àwọn eku náà gbérí, wọ́n lè ṣe ẹ̀jẹ̀ padà. Ní 2006, àwọn kan náà tún fi hàn pé bí a bá ń gbé sẹ́ẹ̀lì ìyá láti ara eku kan sí òmíràn lera lera, èéfín ni ó ń jí wọn kúrò lójú oorun, tó ń lò wọ́n gbó. Bí a bá dín èéfín náà kù, wọ́n á pẹ́ sí i.

Ẹ wá wo ohun tí à ń fi ojú sẹ́ẹ̀lì ìyá rí nígbà tí a bá fẹ́ fi í ṣe ìwòsàn. A máa fa á jáde nínú eegun, ibi tí afẹ́fẹ́ kò tó nǹkan, bọ́ sínú afẹ́fẹ́ yàrá. Ṣé ẹ rántí aṣọ tó jáde nínú ìkòkò aró? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Hal Broxmeyer àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Indiana, ní Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2015. Wọ́n ṣe àpótí tí ọ́síjìn inú rẹ̀ jẹ́ 3 nínú 100, inú rẹ̀ ni wọ́n ti fa mùdùnmúdùn eku, láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìta kàn án rárá. Sẹ́ẹ̀lì ìyá tí wọ́n rí níbẹ̀ pọ̀ ju èyí tí a máa ń rí ní ìlọ́po. Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ pípẹ́ wá, a ti ń pàdánù púpọ̀ nínú wọn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí a fà wọ́n síta, a kò sì mọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka iṣẹ́ náà, Màmá ni mo rántí, tó máa ń pariwo pé kí a má ṣí ìkòkò aró sílẹ̀ gbayawu.

Wàhálà kò parí síbẹ̀. Wọ́n lè dì wọ́n nínú òtútù nitrogen olómi, èyí tó tutù tó 196 nísàlẹ̀ òdo, lẹ́yìn náà kí wọ́n yọ́ wọn padà. Dídì àti yíyọ́ náà ń rú èéfín. Wọ́n lè tọ́ wọn nínú àwo fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, èéfín náà ni. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n á gún wọn sí ibi tó ń ṣàìsàn, bóyá ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ibì kan nínú rẹ̀ mọ́. Ibi tó ti ń jóná tẹ́lẹ̀ ni wọ́n rán wọn lọ. Ní 2002, àwọn onímọ̀ kan gún irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ tí wọ́n mú láti ara ènìyàn sínú ọkàn eku. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, èyí tó ṣẹ́kù kò tó 1 nínú 200. Ẹ ronú sí i: iṣẹ́ tó ná wọn lówó àti àkókò tó báyìí, ó kú sọnù láàárín ọjọ́ mẹ́rin.

Ibí yìí gan-an ni antioxidant ti wúlò nínú ìwòsàn tó ń mú ẹ̀yà ara hù padà. Àwọn onímọ̀ ń pò ó mọ́ omi tí wọ́n fi ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ń fi í sínú omi tí wọ́n fi ń dì sẹ́ẹ̀lì, kí ó má bàa kú nígbà yíyọ́. Wọ́n ń wẹ sẹ́ẹ̀lì nínú rẹ̀ kí wọ́n tó gún un sí ara, kí ó lè fara da ibi tó ń lọ. Àwọn mìíràn ń hun ohun rírọ̀ kan tó dà bí ògì, tí yóò gbé sẹ́ẹ̀lì náà dání, tí yóò sì máa tú antioxidant sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ojú ọgbẹ́. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí ṣì wà lára eku àti nínú àwo, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn kedere. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ dúró: a fún sẹ́ẹ̀lì kan pàtó ní ìwọ̀n kan pàtó, ní ìgbà tí èéfín fẹ́ pa á.

Vitamin C náà ní ìtàn tirẹ̀ níbẹ̀. Albert Szent-Györgyi, ará Hungary, gba Nobel ní 1937. Ata pupa orílẹ̀-èdè rẹ̀, irú ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú tàtàṣé wa, ni ó ti rí vitamin C fà jáde lọ́pọ̀. Ní 2006, Shinya Yamanaka ní Japan mú sẹ́ẹ̀lì awọ ara eku, ó fi apilẹ̀ mẹ́rin sí i, sẹ́ẹ̀lì náà padà di sẹ́ẹ̀lì ìyá tó lè di ohunkóhun nínú ara. Ní 2007, ó ṣe é pẹ̀lú ti ènìyàn. Òun àti John Gurdon ni wọ́n jọ gba Nobel ní 2012. Ìṣòro rẹ̀ ni pé nínú sẹ́ẹ̀lì 100 tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún, èyí tí yóò gbà kì í tó 1. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ní Guangzhou, ní Ṣáínà, gbé ìwé jáde pé bí a bá fi vitamin C sí omi sẹ́ẹ̀lì náà, èyí tó ń gbà á pọ̀ sí i gidigidi. Gbogbo ayé pariwo pé antioxidant ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ti sọ pé àwọn antioxidant mìíràn tí wọ́n dán wò kò ṣe bíi tirẹ̀. Iṣẹ́ tó tẹ̀lé e fi hàn pé vitamin C ń ran àwọn òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì kan lọ́wọ́, àwọn tó ń ṣí ìwé àṣẹ inú rẹ̀ sí ojú ewé tó yẹ. Orúkọ kan náà, iṣẹ́ méjì. Ẹni tó ń ta ìyẹ̀fun kò ní sọ èyí fún yín.

Mo wá dé ibi tó ń dùn mí jù.

Èéfín tí mo ń sọ láti àárọ̀ yìí, ara ń lò ó. Bí èéfín bá ń jáde lórí òrùlé ilé ìdáná, ẹni tó wà lóko mọ̀ pé oúnjẹ ti ń bọ̀. Sẹ́ẹ̀lì náà ń fi èéfín díẹ̀ ránṣẹ́ sí ara wọn. Ní 2009, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà lo kòkòrò kékeré tó máa ń fò yí èso tó ti kẹ̀. Wọ́n rí i pé bí wọ́n bá pa èéfín inú sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ di ẹ̀jẹ̀ kòkòrò náà, sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún kò ní kọ́ṣẹ́ ní àkókò tó yẹ. Ó ń dúró láìdi nǹkan kan. Aró náà nílò afẹ́fẹ́ nígbẹ̀yìn. Aṣọ tí ẹ kò fà jáde nínú ìkòkò kò lè di aró títí ayé.

Àwọn kan rò pé bí díẹ̀ bá dára, púpọ̀ yóò dára jù. Wọ́n dán an wò lára ènìyàn. Ní Finland, wọ́n kó ọkùnrin amusìgá 29,133 jọ. Wọ́n fún àwọn kan ní hóró beta-carotene, èròjà tó ń mú epo pupa pọ́n, wọ́n sì fún àwọn kan ní vitamin E. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 1994. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ sí i ní 18 nínú 100 láàárín àwọn tó gbé beta-carotene mì. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn 18,314. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ sí i ní 28 nínú 100, wọ́n sì dá ìwádìí náà dúró ní 1996 kí ó tó pé àkókò. Ní 2014, àwọn onímọ̀ ní Sweden fún eku tó ti ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ní NAC, àwọn kan ní vitamin E. Jẹjẹrẹ náà dàgbà kíákíá, eku sì tètè kú. NAC kan náà ni, èyí tó gba mùdùnmúdùn àwọn eku Japan là. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà ń bẹ̀rù èéfín, ẹni tó bá pa èéfín fún un ti gbà á sílẹ̀.

Bí ilé bá ń jó, ẹ óò pe panápaná. Ṣùgbọ́n bí panápaná bá ń da omi sí ilé tí kò jó lójoojúmọ́, ògiri yóò wó.

Ẹ má ṣe tìtorí ohun tí mo sọ lọ da epo pupa yín nù. Hóró tí wọ́n kó èròjà kan ṣoṣo jọ sí, lọ́pọ̀ ju bí oúnjẹ ṣe ń gbé e wá lọ, ni wọ́n fi ṣe ìwádìí yẹn.

Kí ló wá kàn wá, àwa tí ọmọ wa jẹ́ SS? Ó kàn wá púpọ̀. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ọmọ 150,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àìsàn yìí lọ́dọọdún. Bí sẹ́ẹ̀lì pupa wọn ti ń bẹ́, irin inú rẹ̀ ń tú síta, irin yẹn sì ń rú èéfín. Nítorí náà, èéfín pọ̀ lára ọmọ SS lóòótọ́. Ní 2017, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí L-glutamine, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń rí agbára pa èéfín. Nínú ìwádìí tí wọ́n fi gbé e lẹ́yìn, pẹ̀lú aláìsàn 230, àwọn tó lò ó ní ìrora líle bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ 48, àwọn tí kò lò ó ní bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ó ṣèrànwọ́, kò wo àìsàn náà sàn.

Èyí tó lè wò ó sàn ni sẹ́ẹ̀lì ìyá. Ní 2011, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Benin gbé mùdùnmúdùn láti ara ọmọ kan sí ara àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ SS. Àwọn dókítà Nàìjíríà ló ṣe é, lábẹ́ Dókítà Nosa Bazuaye. Ní ìparí 2023, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwòsàn kan tí wọ́n ń pè ní Casgevy: wọ́n á fa sẹ́ẹ̀lì ìyá aláìsàn fúnra rẹ̀ jáde, wọ́n á tún apilẹ̀ kan nínú rẹ̀ ṣe ní láàbù, wọ́n á dá a padà sí i lára. Owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ju mílíọ̀nù 2 dọ́là lọ fún ẹnì kan. Mo mọ bí iye yẹn ṣe rí létí yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì náà ń gbà: wọ́n fà á jáde, wọ́n dì í, wọ́n yọ́ ọ, wọ́n gún un padà. Gbogbo ibi tí èéfín ti lè pa á ni mo ti dárúkọ. Bí a bá lè dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì lójú ọ̀nà yẹn, díẹ̀ tí a fà jáde yóò tó. Bí díẹ̀ bá tó, owó lè wálẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ antioxidant ká mi lára tó báyìí. Ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì ni mo fẹ́ kí ó wà.

Ìyá kan tó ń ta ata ní ọjà Ìgbóná dìde, ó bi mí pé ṣé kí òun máa fún ọmọ òun ní vitamin C. Mo ní, ìyá wa, ọsàn, gúrọ́fà, àgbálùmọ̀, ata tí ẹ ń tà yẹn, ẹ jẹ́ kí ó máa jẹ ẹ́. Ewúrẹ́ ń ṣe vitamin C tirẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀, àwa ènìyàn kò lè ṣe é, oúnjẹ la ti ń rí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ yín lára lọ́pọ̀ ìgbà, irin yóò ti jókòó sí i lára. Hóró vitamin C tó pọ̀ lè ru irin yẹn sókè, kí ó sì kọlu ọkàn rẹ̀. Ẹ bi dókítà rẹ̀ kí ẹ tó ra á.

Bàbá àgbà kan béèrè nípa ibi ọmọ tí à ń rì mọ́lẹ̀, bóyá sẹ́ẹ̀lì ìyá wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ. Ní 1988, ní Paris, Eliane Gluckman lo ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ tuntun láti fi wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí mùdùnmúdùn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, Broxmeyer tí mo dárúkọ ló ràn án lọ́wọ́. Bí ẹ bá ní ọmọ SS nílé, tí ìyá rẹ̀ sì tún lóyún, ẹ sọ fún dókítà kí ọjọ́ ìbímọ tó pé. Ọmọ ìyá àti bàbá kan náà tí ó jẹ́ AA tàbí AS ní ìdámẹ́rin àǹfààní pé ara rẹ̀ yóò bá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi ọ̀pá rìn wọlé béèrè ohun tí àbúrò mi béèrè lọ́wọ́ mi nígbà náà: ṣé sẹ́ẹ̀lì ìyá lè tún ìbàdí ṣe? Mo sọ fún un pé ní Faransé, Dókítà Philippe Hernigou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fa mùdùnmúdùn aláìsàn láti eegun rẹ̀, wọ́n ń sẹ́ ẹ kí sẹ́ẹ̀lì ìyá inú rẹ̀ lè pọ̀, wọ́n sì ń gún un sínú orí eegun itan tó ń kú. Àwọn aláìsàn SS wà lára àwọn tí wọ́n ṣe é fún. Ó ń dára jù bí orí eegun náà kò bá tíì wó. Mo ní kí ó má jẹ́ kí oṣù yìí parí kí ó tó ya fọ́tò ìbàdí náà. Ó ní òun ti ń lo ìyẹ̀fun kan láti ọdún tó kọjá, òun rò pé ìyẹn yóò tó.

Nígbà tí ìpàdé tú, ìyá kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú àpò ìyẹ̀fun kan jáde, ó nà án sí mi láìsọ nǹkan kan. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a jọ ka ẹ̀yìn rẹ̀: ṣúgà, adùn ọsàn, vitamin C, vitamin E, ohun kan tí wọ́n ní ó wá láti ara èso. Mo bi í pé oògùn wo ni ọmọ náà ti fi sílẹ̀ láti ìgbà tó ti ń mu ún. Ó ní kò tíì fi ọ̀kankan sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kí ó fi í sílẹ̀.